Jákẹ́ẹ̀tì Mi Ló Ń Lọ Níwájú

Ẹni tó bá rí mi lọ́jọ́ yẹn lórí òkè, tí mò ń mí hẹlẹhẹlẹ, tí òógùn bò mí látorí dé àtẹ́lẹsẹ̀, kò ní bi mí léèrè kó tó mọ̀ pé ọ̀ràn ìyàwó ló gbé mi débẹ̀. Onígbàjámọ̀ ni mí. Orí ìdúró ni iṣẹ́ mi wà, mi ò sì gbà pé ó yẹ kí àgbàlagbà máa sáré àfi tí nǹkan bá ń lé e. Ohun tó ń lé mi lọ́jọ́ náà ni bí ilé mi ṣe dákẹ́.

Ìyàwó mi ló ń sá eré orí òkè. Aránṣọ ni, aṣọ fèrèsé ló ń rán. Ògiri kan ló wà láàárín ṣọ́ọ̀bù mi àti yàrá tó ti ń ṣiṣẹ́, tí mo bá ti pa kílípà, mo máa ń gbọ́ ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Láti ìgbà tí àwọn ọmọ wa ti kúrò nílé ló ti ń bá àwọn ẹgbẹ́ eléré kan jáde. Ọ̀nà tí wọ́n ń sá yẹn, ewúrẹ́ gan-an á kọ́kọ́ rò ó wò kó tó gbà á: ó gba inú igbó gòkè, ó gba orí àpáta gbalaja, ó wá yí èjìká òkè po níbi tí èèyàn ti ń wo adágún ńlá kan nísàlẹ̀. Tó bá ti dé, á jókòó sórí àga àwọn oníbàárà mi tòun ti ẹrẹ̀ lẹ́sẹ̀, á máa ròyìn adágún náà. "Bàbá Dígí," bó ṣe ń pè mí nìyẹn, torí dígí tó yí mi ká láti àárọ̀ dalẹ́, "o ò bá wá wò ó lọ́jọ́ kan." Èmi á ní omi ni omi ń jẹ́, kí ló fi yàtọ̀ sí tinú garawa? Àwọn oníbàárà á bú sẹ́rìn-ín. Òun náà á rẹ́rìn-ín díẹ̀, á dìde.

Orúnkún ló dá a dúró. Dókítà wo fọ́tò egungun rẹ̀, ó ní kó máa rìn, kó tiẹ̀ máa gun òkè díẹ̀díẹ̀, àmọ́ kó gbàgbé eré. Ìyàwó mi gbọ́ ọ, kò sunkún. Ó kó àwọn bàtà eré rẹ̀ sábẹ́ tábìlì ẹ̀rọ ìránṣọ, ó ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ lọ. Èmi wá rò pé mo gbọ́n. Mo ní bí àwọn bàtà yìí bá ṣì ń wà lójú ẹ̀, ọ̀rọ̀ yìí ò ní kúrò lọ́kàn ẹ̀. Oníbàárà mi kan ní àbúrò obìnrin tó ń wá irú wọn, ẹsẹ̀ òun àti ìyàwó mi sì bára mu. Mo dì wọ́n sínú àpò ọ̀rá, mo gbé gbogbo wọn fún un. Mi ò bi ẹnikẹ́ni. Nígbà tí ìyàwó mi padà délé, tó na ẹsẹ̀ sábẹ́ tábìlì tí ẹsẹ̀ náà ò kan nǹkan kan, ó bi mí, mo sì sọ fún un. Mo tiẹ̀ ń rẹ́rìn-ín nígbà tí mò ń sọ ọ́.

Látọjọ́ náà, ọ̀rọ̀ tó ń bọ́ lẹ́nu rẹ̀ sí mi kò ju "oúnjẹ wà lórí tábìlì" àti "wọ́n ń pè ẹ́ níta" lọ. Kò bú mi, kò jágbe. Ká ní ó bú mi ni, mo mọ ohun tí mo lè sọ, torí ẹnu dídùn wà lára iṣẹ́ mi. Ẹni tí kò wá sọ nǹkan kan ńkọ́, kí lèèyàn fẹ́ fún un lésì? Àkọ́bí wa obìnrin pè mí lórí fóònù, ó ní, "Dádì, kí lẹ ṣe fún Mọ́mì?" Mo ní bàtà tí kò ní wọ̀ mọ́ ni mo bá a palẹ̀ rẹ̀ mọ́. Ó ní, "Dádì, ẹ ò ṣeun o," ó pa fóònù mọ́ mi létí. Mo bínú sí àwọn méjèèjì.

Àwọn ẹgbẹ́ eléré ò fẹ́ pàdánù ìyàwó mi, ni wọ́n bá fi í ṣe akẹ́yìn. Akẹ́yìn ni ẹni tó máa ń rìn bọ̀ lẹ́yìn ẹni tó gbẹ̀yìn pátápátá nínú eré. Kò gbọ́dọ̀ kọjá ẹnikẹ́ni. Bó ṣe ń bọ̀ lá máa tú àwọn rìbọ́ọ̀nù tí wọ́n so mọ́ igi àti òkúta láti fi júwe ọ̀nà, kí òkè má baà kún fún pàǹtírí. Òun fúnra rẹ̀ ló gé àwọn rìbọ́ọ̀nù náà látara ìyókù aṣọ fèrèsé. Láti ẹ̀yìn ògiri ni mo ti ń gbọ́ bí àlùmọ́gàjí ṣe ń gé wọn.

Ibẹ̀ ni ọgbọ́n mìíràn ti sọ sí mi lọ́kàn. Tí mo bá forúkọ sílẹ̀ nínú eré yìí, èmi ni màá gbẹ̀yìn, kò sí àní-àní níbẹ̀. Ẹni tó bá sì gbẹ̀yìn, ìyàwó mi ló máa wà lẹ́yìn ẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Kò ní lè kọjá mi, kò sì ní rí yàrá wọ̀ kó ti ilẹ̀kùn. Bó pẹ́ bó yá, á lanu bá mi sọ̀rọ̀. Mo lọ forúkọ sílẹ̀. Mo ra jákẹ́ẹ̀tì kan tó pọ́n bí ata, kó má baà ní òun ò rí mi.

Láàárọ̀ ọjọ́ eré, ó rí mi láàárín èrò. Ó wò mí láti orí fìlà dé bàtà, ó yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì. Ọ̀gá ẹgbẹ́ ní kí oníkálukú rí i pé fóònù àti fèrè kékeré tí wọ́n pín fún wa wà lára òun, torí ẹni tó bá há. Mo kó tèmi sápò jákẹ́ẹ̀tì. Nígbà tí wọ́n ní ká máa lọ, gbogbo èèyàn sáré wọgbó, wọ́n fi eruku sílẹ̀ fún mi.

Ká tó jáde nínú igbó, ó ti ku èmi àti ọ̀dọ́bìnrin kan tó jẹ́ olùkọ́, tó ní àwọn ọmọ kíláàsì òun ló ti òun sínú wàhálà yìí. Mo ń wẹ̀yìn. Ìyàwó mi wà lọ́hùn-ún, ó ń bẹ̀rẹ̀, ó ń tú rìbọ́ọ̀nù, ó ń ká wọn sápò. Mo dúró dè é, ó dúró. Mo jókòó sórí òkúta, òun náà wá òkúta tirẹ̀ jókòó. Mo ṣe bí ẹni ń so okùn bàtà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wo sánmà. Gbogbo ohun tó kàn án ni pé òun ń rí jákẹ́ẹ̀tì pupa níwájú. Inú bí mi débi pé mo sáré lóòótọ́ fún ìgbà díẹ̀.

Nígbà tá a débi tí igi tán sí, atẹ́gùn gbá wa mú. Ẹ̀wù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni olùkọ́ yẹn wọ̀, òógùn sì ti rin ín gbingbin. Eyín rẹ̀ ń gbá ara wọn.

Mo ní, "Gba jákẹ́ẹ̀tì yìí."

"Ẹ̀yin ńkọ́, sà?"

"Ọ̀rá ara mi tó jákẹ́ẹ̀tì méjì. Wọ̀ ọ́, kó o máa sáré lọ, má dúró dè mí. Tó o bá dúró, òtútù á wọ̀ ẹ́ lára."

Ó ga tó mi. Ó wọ̀ ọ́, ó fa fìlà ara jákẹ́ẹ̀tì náà borí, ó dúpẹ́, ó lọ. Àpáta kan ló bo ìyàwó mi lójú nígbà yẹn, nísàlẹ̀ níbi tí ọ̀nà ti ṣẹ́ kọ́rọ́, kò sì rí wa. Fóònù mi àti fèrè mi bá jákẹ́ẹ̀tì lọ. Mi ò rántí wọn rárá.

Kò pẹ́ tí mo fi dé èjìká òkè. Mo rí i tí nǹkan kan ń dán lẹ́yìn àpáta lápá òsì, mo mọ̀ pé adágún náà ni. Ìyàwó mi ti sọ ọ́ nínú ilé wa láìmọye ìgbà pé ẹni tó bá fẹ́ yà kúrò lójú ọ̀nà, kódà kó jẹ́ láti tọ̀, kó fi nǹkan kan sílẹ̀ lójú ọ̀nà, fìlà tàbí àpò, kí akẹ́yìn lè mọ̀ pé ẹnì kan ṣì wà nítòsí. Ìgbà tí mò ń wo bọ́ọ̀lù ló máa ń sọ ọ́. Mo yà, mi ò fi nǹkan kan sílẹ̀, mo lọ jókòó sẹ́yìn àpáta.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ mí, ẹ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kì í wọ́n mi. Ó wọ́n mi níbẹ̀. Adágún náà tẹ́ lọ títí, àárín rẹ̀ dúdú, etí rẹ̀ mọ́lẹ̀. Òjìji ìkùukùu ń rìn lórí rẹ̀ jẹ́jẹ́. Ọkọ̀ ojú omi kékeré kan ń lọ, ipa tó sì fi sílẹ̀ lórí omi ò tètè parẹ́. Ariwo kankan ò dé ọ̀dọ̀ mi. Kò sẹ́ni tó ń béèrè bóyá ẹ̀gbẹ́ méjèèjì orí òun dọ́gba. Mo wá rò ó pé láti gbogbo ọdún wọ̀nyí wá, ibi tí ìyàwó mi ń wá nìyí, tó ń sáré délé láti wá bu nínú rẹ̀ fún mi, tí mo ń sọ ọ́ di omi garawa lójú àwọn oníbàárà. Ó dùn mí gan-an. Mo tún rántí ọjọ́ tá a lọ rí dókítà, bí nǹkan kan ṣe fúyẹ́ láyà mi nígbà tó ní kó gbàgbé eré. Mi ò fẹ́ rántí ìyẹn. Mo gbájú mọ́ ọkọ̀ ojú omi títí kò fi hàn mọ́.

Ìgbà tí mo padà sójú ọ̀nà, mi ò rí rìbọ́ọ̀nù kankan. Mo wo iwájú, mo wẹ̀yìn. Àpáta lásán ni gbogbo ibẹ̀, kò gba ipa ẹsẹ̀. Mo rí igi kúkúrú kan tí ibi tí wọ́n so rìbọ́ọ̀nù mọ́ ṣì hàn lára èèpo rẹ̀. Ẹnì kan ti tú u. Mo sì mọ ẹni náà, alaalẹ́ la jọ ń sùn.

Àyà mi kọ́kọ́ já, lẹ́yìn náà ni inú wá bí mi. Mo ní, áà, ó kọjá lẹ́yìn mi, ó rí mi níbi tí mo jókòó sí, ó tú rìbọ́ọ̀nù rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. Báyìí náà lọ̀rọ̀ wa wá dà? Mo sọ fún ara mi pé tó bá jẹ́ pé ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni, bí mo tiẹ̀ délé láyọ̀, kò sílé mọ́. Ìyẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù ju òkè lọ.

Ìkùukùu ti ń gun òkè bọ̀ láti orí omi. Inú tó ń bí mi kò jẹ́ kí n ronú, mo kọrí sí ìsàlẹ̀ níbi tí mo rò pé ọ̀nà gbà. Ẹsẹ̀ mi yọ̀, mo fi ìdí jókòó, òkúta kan sì ṣí lábẹ́ mi, ó yí lọ. Mo ń retí ìró rẹ̀. Kò dún. Ìgbà tó wá dún, ìró náà jìnnà débi pé ara mi bù máṣọ. Mo fi ọwọ́ àti orúnkún wọ́ padà lọ bá igi kúkúrú yẹn, mo dì í mú.

Òfin mìíràn wà tí ìyàwó mi máa ń sọ, èyí wá ta sí mi létí: tó o bá ti sọ ọ̀nà nù, má lọ síwájú, dúró síbi tó o mọ̀ kẹ́yìn, akẹ́yìn á wá ẹ. Ó rọrùn lẹ́nu. Àmọ́ kí n tó lè dúró síbẹ̀, mo gbọ́dọ̀ gbà pé á padà wá. Ìkùukùu ti bo gbogbo ibi, mi ò rí ju apá mi lọ, òtútù ń wọ inú egungun mi. Mo ń bá ara mi jà níbẹ̀. Mo rántí bó ṣe máa ń tú odindi aṣọ fèrèsé palẹ̀ nítorí ibì kan tó rán wọ́ tí ẹni tó ni ín kò ní rí láéláé. Mo ní ẹni tí kò lè fi àjákù aṣọ sílẹ̀ lórí òkè, ṣé èmi ló máa wá fi sílẹ̀? Mo jókòó. Mo káwọ́ mọ́ra. Mo ń gbọ̀n, mi ò sì kúrò.

Ó pẹ́. Ó pẹ́ débi pé mo ti ń ronú ohun tí àwọn ọmọ máa sọ. Ni mo bá gbọ́ ọ láti ìsàlẹ̀, ohùn tó ti ha: "Bàbá Dígí! Bàbá Dígí o!"

Mo fi gbogbo agbára mi kígbe: "Mo wà níbí!"

"Dúró síbẹ̀! Má gbẹ́sẹ̀ kankan o! Má gbẹ́sẹ̀!"

Ó yọ nínú ìkùukùu. Ó ń tiro. Rìbọ́ọ̀nù wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń so wọ́n padà bó ṣe ń bọ̀ ká lè rí ọ̀nà gbà sọ̀kalẹ̀. Ó bọ́ jákẹ́ẹ̀tì ara rẹ̀, ó jù ú lé mi lórí, ó wá di ọrùn ẹ̀wù mi mú, ó ń mì mí.

"Ta ló ní kó o bọ́ jákẹ́ẹ̀tì ẹ?"

"Òtútù ń pa olùkọ́ yẹn ni."

"Jákẹ́ẹ̀tì yẹn ni mò ń tẹ̀ lé! Látorí òkè níbí títí dé àgọ́ tí wọ́n ti ń pín omi nísàlẹ̀, mo ń wò ó, mo ní ọkọ mi nìyẹn tó ń lọ, mo ní mi ò ní sún mọ́ ọn, kó máa dá lọ. Mo débẹ̀, ó ṣí fìlà lórí, mo rí ojú ọmọ ọlọ́mọ." Ó tún mì mí. "Mo ní, 'Ọkọ mi dà?' Ó ní, 'Bàbá yẹn ṣì ń bọ̀ lẹ́yìn, mà.' Lẹ́yìn! Kò sẹ́nì kankan lẹ́yìn mi! Gbogbo rìbọ́ọ̀nù wà lápò mi! Mo ní kí wọ́n wá èèyàn tẹ̀ lé mi, mi ò lè dúró dè wọ́n."

Mo ní, "Mo rò pé o mọ̀ọ́mọ̀ fi mí sílẹ̀ ni."

Ó jáwọ́ lọ́rùn mi. Ó wò mí bí ẹni tí mo gbá létí.

"Torí pé mi ò bá ẹ sọ̀rọ̀? Torí ìyẹn ni màá ṣe fi ẹ́ sórí òkè kó o kú? Irú èèyàn wo lo rò pé ò ń bá gbé?"

Ó jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó na ẹsẹ̀ kan. Mo rí i pé orúnkún rẹ̀ ti wú, ó ti kún inú ṣòkòtò.

"O sáré," ni mo sọ.

"Mo sáré."

"Ṣebí dókítà ní—"

"Dókítà ò mọ irú ọkọ tí mo fẹ́." Ó ń fi ọwọ́ ra orúnkún náà. Nígbà tó tún sọ̀rọ̀, kò pariwo mọ́. "O rò pé torí bàtà ni. Bàtà kọ́. Lọ́jọ́ tí dókítà sọ̀rọ̀ yẹn, mo yíjú sí ẹ kí n lè rí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà dùn bó ṣe dùn mí. Ojú ẹ ń dán. Inú ẹ dùn. O wá kó bàtà mi jáde bí ẹni ń kó ẹrù òkú. Mo ṣì wà láàyè o."

Irọ́ tó dáa ti wà lẹ́nu mi, irú èyí tí mo máa ń pa fún oníbàárà tí orí rẹ̀ ò dọ́gba. Mo gbé e mì.

Mo ní, "Inú mi dùn. Lóòótọ́ ni. Gbogbo ọjọ́ tó o bá ti gun òkè yìí, mi ò kì í lè gẹrun bó ṣe yẹ. Àwọn dígí yẹn, ẹnu ọ̀nà ni mo máa ń wò nínú wọn, bóyá wàá wọlé. Ó dìgbà tó o bá jókòó sórí àga tòun ti ẹrẹ̀ kí n tó lè mí délẹ̀. Mo ń fi omi garawa ṣẹ̀fẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà mọ̀. Nígbà tí dókítà ní ó parí, mo ní ọpẹ́ ni, wọ́n ti dá mi sílẹ̀. Mi ò ro tìẹ. Jọ̀ọ́, má bínú."

Mo rò pé ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn ló tún dé.

"Kí ló dé tó ò sọ bẹ́ẹ̀ látọjọ́ yìí?"

"Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́."

Ó wo inú ìkùukùu níbi tó ti gòkè wá. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú.

"Bó ṣe ń ṣe ẹ́ nìyẹn," ló sọ, kò sì jọ pé èmi ló ń bá sọ̀rọ̀. "Bí mo ṣe ń gòkè bọ̀ yìí, tí mò ń pè ẹ́, tó ò dáhùn. Gbogbo ọjọ́ eré, bó ṣe ń ṣe ẹ́ nìyẹn."

"Bó ṣe ń ṣe mí nìyẹn."

"Ó burú o."

"Ó burú gan-an."

Lẹ́yìn náà ló ní, "Mi ò tíì dárí jì ẹ́ o."

Mo ní, "Mo mọ̀."

"Gbé èjìká ẹ wá. Ẹsẹ̀ yìí ò lè gbé mi délẹ̀."

Mo dìde, ó gbára lé mi, a bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó ní ṣé bí mo ṣe ń tẹsẹ̀ nìyẹn, ṣé ilẹ̀ ń jẹ mí ní gbèsè ni. Ó ní kí n tẹ orí òkúta tó gbẹ, kì í ṣe èyí tó tutù, ṣé ojú mi fọ́ ni. Ó ní irú ọ̀dẹ̀ wo ló ń kó fóònù àti fèrè sápò aṣọ, tó wá ń fi aṣọ tọrẹ. Ó ní ikùn mi ń tì í. Ó ní kí n má mí sí òun létí. Láti orí òkè títí tá a fi pàdé àwọn tí wọ́n rán wá wá wa, kò dákẹ́ ẹnu. Mo ń dáhùn, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ẹ má bínú, mà." Mo mọ̀ pé orúnkún rẹ̀ ń dùn ún, mo sì ń gbàdúrà lọ́kàn mi pé kí ọ̀nà náà má tètè tán.